Ilẹ̀ Tó Di Ọjà: Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìjà Ìlobù àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó sọ ọ́ ní orúkọ yẹn ní èrò rere lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ohun tí etí ń gbọ́ láti ibẹ̀ kì í ṣe ìrẹ́pọ̀ rárá. Ìjà ààlà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, tí òun náà jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolú; kò pẹ́ tí Erin-Ọ̀ṣun fi kó sínú rẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn ìyá pọn ọmọ, wọ́n sì sá àsálà. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin kónílé-ó-gbélé de àwọn ìlú náà, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà sì gba títì. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Irú rẹ̀ ti wáyé ní ọdún 2023, àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sì lè ka ti àtẹ̀yìnwá sílẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, àlàyé kan wà tó máa ń yá lẹ́nu àwọn ènìyàn. Wọ́n á ní ọ̀tá ni àwọn ìlú wọ̀nyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ń gbóná. Àlàyé náà rọrùn, ìdí nìyẹn tó fi tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìlú tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora, tí wọ́n jọ ń gba ọ̀nà kan náà lọ sí Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọmọ ìlú kan ń gbé ọmọ ìlú kejì níyàwó, tí ìyálọ́jà tibí ń ná ọjà tọ̀hún, kò lè jẹ́ ìkórìíra ni wọ́n fi bára gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ ni pé: kí ló yí padà? Kí ló dé tí ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pín fún ara wọn fi di ohun tí àwọn ọmọ ń tìtorí rẹ̀ dáná sunlé?

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yí padà. Erùpẹ̀ rẹ̀ kò di nǹkan mìíràn o, ipò rẹ̀ nínú ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn ló di nǹkan mìíràn. Ní ayé àtijọ́, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Àwọn onímọ̀ òfin sábà máa ń tọ́ka sí ohun tí Ẹlẹ́sì ti Odógbólú sọ fún ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kókó ọ̀rọ̀ ọba náà ni pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ẹni tó bá gba irú èrò bẹ́ẹ̀ gbọ́ kò ní ta ilẹ̀, nítorí ta ni yóò fọwọ́ síwèé fún òkú, ta ni yóò sì gbowó fún ọmọ tí ó ṣì ń bọ̀ lọ́run? Àlejò tó bá fẹ́ dáko yóò gbé obì wá, wọn yóò fi ibi tí yóò ro hàn án, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Oko ló gbà. Kò gba ilẹ̀.

Ààlà náà ní èdè tirẹ̀. Pèrègún ni wọ́n máa ń gbìn sí ojú ààlà, nítorí pé ewé rẹ̀ kì í tètè rọ, ojú sì dá a mọ̀ láàárín igbó. Bí kò bá sí pèrègún, igi ìrókò kan, òkúta ńlá kan, tàbí odò kékeré kan ni àwọn àgbà fi ń ṣe àmì: “Láti ibi odò yìí lọ, ẹ̀yin, láti ibi odò yìí bọ̀, àwa.” Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí èyí dáadáa. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú igbó ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá gé ìrókò ojú ààlà láti fi là pákó ti pa ẹlẹ́rìí. Bí odò ààlà bá gbẹ, tàbí tí wọ́n bá da ilẹ̀ dí i kí wọ́n lè kọ́lé sórí rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìlú méjì ló ya yẹn. Bí àwọn àgbà tó mọ ibi tí odò náà gbà bá sì ti papò dà, ariwo ẹnu nìkan ló kù.

Báwo ni ilẹ̀ ẹbí ṣe wá di ọjà? Kò ṣẹlẹ̀ lójú ọjọ́ kan. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ìgbà 1830, tí ogun Ìlọrin ń lé àwọn ènìyàn bọ̀ láti ilẹ̀ ọ̀dàn, ọ̀pọ̀ ló wá forí pamọ́ sí agbègbè Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ìlú agbègbè náà rí ààyè mí, àwọn àlejò sì di onílé. Nígbà yẹn, ènìyàn ni ọrọ̀ ìlú. Ilẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ tó lè ro ó lọ. Ní ọdún 1907, ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni ohun tó bá hù nínú oko ti ń rí ọ̀nà dé ọjà ọ̀nà jíjìn, oko sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn ìjà ilẹ̀ kì í sábà rántí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ogójì ọdún, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Inísà, Ọ̀fà àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ọmọ tí kò mọ ààlà oko bàbá bàbá rẹ̀. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ju kó béèrè ìpín tirẹ̀ lọ?

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ló tẹ̀ lé e. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa mójú tó o fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Lórí ìwé, ẹbí kò ní àṣẹ tó ti ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Nínú ayé gidi, ẹbí ló ṣì ń ta ilẹ̀, ẹbí ló ṣì ń gbowó, ọba àti ìjòyè ló ṣì ń fọwọ́ sí i. Àlàfo tó wà láàárín ìwé òfin àti ìṣe àwọn ènìyàn ni àwọn ajagungbalẹ̀ rí fi ṣe ilé. Nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí Òṣogbo di olú-ìlú, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn.

Ìlobù, Ifọ́n àti Erin-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Òṣogbo. Bí olú-ìlú ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ń wá ibi tí ilẹ̀ ti wọ́n díẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi èbù àti ebè kà tẹ́lẹ̀, pulọ́ọ̀tì ni wọ́n ń kà á sí báyìí. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: ebè ń retí òjò, pulọ́ọ̀tì ń retí ẹni tó máa rà á. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ààlà lè fara da kí aládùúgbò rẹ̀ ro ebè méjì wọ inú oko rẹ̀. Wọn yóò jà díẹ̀, ẹnì kan yóò bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò tán. Àmọ́ bí ebè méjì náà bá ti di ohun tí wọ́n lè tà ní owó ńlá fún ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, ta ni yóò bẹ ta ni?

Àwọn tó sì ń jà náà, ẹ jẹ́ ká wò wọ́n. Kì í ṣe àwọn àgbà tó ń jókòó sábẹ́ igi ló ń gbé àdá. Ọ̀dọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde ilé-ìwé girama, wọn kò ríṣẹ́, wọn kò sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n rí i pé kò mú bàbá wọn lówó. Ọ̀nà tó yá jù lọ tí owó fi ń dé ọwọ́ wọn ni kí wọ́n tẹ̀ lé ẹni tó ń ta ilẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọ́lé. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pariwo pé òun ń gbèjà ìlú, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń gbèjà pẹ̀lú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí dá ìwà ìdánásunlé láre. Kò sì yẹ kí ènìyàn díbọ́n pé ìwàásù nìkan yóò wò ó sàn.

Ẹ̀wẹ̀, ìjà ènìyàn kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Odò Erinlẹ̀ ń ṣàn ní agbègbè yìí kó tó lọ dà sínú Ọ̀ṣun. Òrìṣà tó ń jẹ́ orúkọ odò náà, ọdẹ ni, oníṣègùn ni, ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìlobù sì so ó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlú. Àwọn olùsìn rẹ̀ máa ń ṣa òkúta dídán láti inú odò, wọ́n á kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi odò náà. Àwọn kan túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí “erin ilẹ̀”. Erin kò sí nínú igbó wọ̀nyẹn mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Igi tó kù ni wọ́n ń gé fún èédú àti pákó, yanrìn ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń kó fún búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ fún ọdún bíi méje kí ó sinmi kò rí ìsinmi ọdún méjì. Bí ojú ilẹ̀ bá ti hàn sóde, òjò ńlá á gbá erùpẹ̀ ọlọ́ràá lọ sínú odò, odò á kún fún ẹrẹ̀. Odò Erinlẹ̀ yìí kan náà ni ìjọba sé láti fi pèsè omi ẹ̀rọ fún Òṣogbo, Ẹdẹ àti àyíká wọn. Ohun tó bá ba etí odò jẹ́ lókè, ẹni tó ń bu omi mu nísàlẹ̀ náà yóò jẹ nínú rẹ̀, ì báà ṣe ọmọ Ìlobù, ì báà ṣe ọmọ Ifọ́n.

Ọ̀ṣun tí Erinlẹ̀ ń dà sí ti rí tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni ìwakùsà wúrà láìgbàṣẹ ní apá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi rẹ̀ di omi pípọ́n bí ẹrẹ̀, títí dé ibi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Ní ọdún 2022, ìkìlọ̀ jáde láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé kí àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun má mu omi náà. Odò tí wọ́n ń mu fún ìwòsàn wá di odò tí wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀! Síbẹ̀, igbó náà ṣì dúró, nítorí pé àwọn kan, Susanne Wenger nínú wọn, kọ̀ kí wọ́n tà á ní pulọ́ọ̀tì. Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ ẹ̀rí pé ìlú tó ń dàgbà lè fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ láìkọ́lé sí i, kí ó má sì kú.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ gbójú fo ti Ifọ́n náà. Òrìṣà Olúfọ́n, àgbà òrìṣà aláṣọ funfun, ti Ifọ́n ni. Ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Oxalufã ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì ń rántí ìtàn rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ní àgbà òrìṣà yìí fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù lójú ọ̀nà, ó ń fà á bọ̀ wá fún un, ni wọ́n bá mú un ní olè, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fún ọdún méje. Láàárín ọdún méje yẹn, òjò kò rọ̀, oko kò so, obìnrin kò bímọ. Ìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, tí wọ́n fi omi mímọ́ wẹ̀ ẹ́, ni ilẹ̀ tó rójú. Ìtàn yìí mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kò mọ̀: bí ènìyàn bá ṣèké sí ẹnìkejì rẹ̀, òjò àti irúgbìn kì í dá sí i lọ́tọ̀. Ní Kúbà pẹ̀lú, wọ́n ń bọ Erinlẹ̀, wọ́n ń pè é ní Inle. Lókè òkun, lábẹ́ òrùlé kan náà, òrìṣà Ìlobù àti ti Ifọ́n lè jọ gba ẹbọ. Ní ilé tí wọ́n ti wá, àwọn ọmọ wọn ń ṣọ́ra wọn lóru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá gan-an nìyí. Ìtàn ìlú ti di ohun ìjà. Láti ayé àwọn aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan pé, “Ta ló kọ́kọ́ dé?” Ìlú tó bá lè fi ìtàn hàn pé òun ló kọ́kọ́ dé ni yóò gba àṣẹ àti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtàn kéékèèké ṣe pọ̀ tó, tí olúkúlùkù ń sọ pé bàbá òun bá igbó kìjikìji tí kò sí ènìyàn níbẹ̀, àti pé òun ló fún àwọn yòókù nílẹ̀. Gbogbo wọn kò lè jẹ́ àkọ́dé! Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí oríkì àti ìtàn wà fún kì í ṣe èyí. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù tó sì kọ ìwé lórí oríkì ibẹ̀ ní ọdún 1991, ṣàlàyé pé oríkì kì í to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀ léra bí ìwé ìtàn. Ó ń gbé ẹni sókè, ó ń pe òkú mọ́ alààyè. Agbẹjọ́rò tó bá gbé oríkì lọ síwájú adájọ́ bí àwòrán ilẹ̀ ti lo ohun èlò kan fún iṣẹ́ tí kò wà fún.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí, kí ìjọba wọn ilẹ̀, kí ó ri òpó ààlà, kí kóòtù sì dájọ́. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò òpó ààlà. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdájọ́ máa ń sọ ẹni tó jàre, kì í sọ bí àwọn méjèèjì yóò ṣe jọ máa pọn omi ní odò kan náà. Ọwọ́ ìjọba pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò ṣeé gbàgbé: ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti wà láàárín wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n yóò gbé olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí ló tún dá iná náà ní ọdún 1997, títí di ọdún 2000 ni ó sì fi ń jó. Ìlà tí wọ́n fà nínú ọ́fíìsì lè di ojú ogun nínú oko.

Ohun tó ṣeé ṣe ní Ìlobù, Ifọ́n àti Erin-Ọ̀ṣun kò ní kí wọ́n dúró de Àbújá. Kí wọ́n dá títa ilẹ̀ dúró ní gbogbo ibi tí àríyànjiyàn wà, kí orúkọ ọba tàbí ìjòyè tó bá fọwọ́ sí rìsíìtì níbẹ̀ sì di mímọ̀ fún gbogbo ìlú. Kí wọ́n fi ojú ààlà àti etí odò sílẹ̀ ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí, tí ìlú méjèèjì yóò jọ máa ṣọ́. Owó ńlá ni ẹni tó ń ta pulọ́ọ̀tì yóò pàdánù níbẹ̀, kò sì ní dùn mọ́ ọn. Àmọ́ owó tí àwọn ìlú wọ̀nyí ti fi tún ilé jíjóná kọ́ kò kéré sí i.

Ní ti ilé-ìwé, àṣà ogún jíjẹ wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń kà, ọ̀pọ̀ sì ń há a sórí nítorí ìdánwò. Ṣé ó pọ̀ jù kí olùkọ́ kó wọn jáde, ọmọ Ìlobù àti ọmọ Ifọ́n pa pọ̀, kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà ìhà méjèèjì, kí wọ́n kọ orúkọ odò, òkè, igi ńlá àti aginjù oko tí wọ́n bá ṣì rántí sílẹ̀? Kí wọ́n kọ èyí tí àwọn àgbà méjèèjì fẹnu kò sí lórí, kí wọ́n sì kọ èyí tí wọ́n ń jiyàn lé sí ẹ̀gbẹ́ kan, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbin pèrègún sí ibi tí ìhà méjèèjì bá ti gbà. Kò ná ni lówó. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọn yóò gé ọ̀pá rẹ̀, wọn yóò fi gún ilẹ̀, yóò sì mú.